Èmi Kì Í Ṣe Àbíìkọ́, Èmi Kì Í Sì Ṣe Àkọ́ọ̀gbà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí; bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odidi. Láti kékeré ni mo ti ń bẹ̀rù òwe yìí. Ìdí ni pé bí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ bá dé inú tèmi, ààbọ̀ náà ni yóò máa jẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. N kò mọ ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń rí ìdajì tó kù. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá pa òwe náà níṣojú mi, ohun tí mo ń gbọ́ ni pé èmi kì í ṣe ọmọlúàbí.

Ní ọdún 2022, nígbà tí mo di ẹni ọdún 43, ni àwọn onímọ̀ ìlera méjì ní ìlú Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo ń gbé, sọ fún mi pé mo ní ọ́tísíìmù. Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn tí mo kó, kì í sì ṣe ohun tí oògùn ń wò; bí ọpọlọ mi ṣe ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi nìyẹn. Mo fẹ́ sọ ohun tí orúkọ yìí ṣe fún mi, àti ohun tí kò lè ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí ló ní irú mi nínú ẹbí: ọmọ tí ẹ ń pè ní alágídí, àbúrò tí ẹ ń pè ní agbéraga, tàbí aya ilé tí wọ́n ní kò mọ ènìyàn í kí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti Òṣogbo. Ọmọ ọdún 7 ni mí nígbà tí ìyá mi mú mi lọ sí ilé aládùúgbò wa kan. Obìnrin náà ń jẹ iyán lọ́wọ́ nígbà tí a wọlé. Ó ní, “Ẹ wá jẹun o.” Ìyá mi dá a lóhùn pé, “A gba ibi ire.” Èmi ní tèmi lọ fọ ọwọ́ mi, mo jókòó ti abọ́, mo sì bu òkèlè. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú bá mi sọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti máa ń ṣe. Mo rí i pé ojú wọn ń yí, mo sì fi ohùn rara béèrè pé, “Màámi, ṣé nǹkan kó sí yín lójú ni?”

Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, bí a ti dé ilé ni pàṣán sọ̀rọ̀. Wọ́n ní aládùúgbò náà yóò máa rò pé ebi ń pa wá nílé. Mo ní, “Ṣebí òun ló ní ká wá jẹun?” Ìbéèrè tòótọ́ ni mo béèrè, mo fẹ́ mọ̀ ni. Wọ́n kà á sí ọ̀yájú, nítorí náà pàṣán tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni ó kọ́kọ́ pè mí ní àbíìkọ́ létí mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ní ìkejì. Àbíìkọ́ ni ẹni tí a bí tí a kò kọ́. Àkọ́ọ̀gbà ni ẹni tí a kọ́ tí kò gbà. Ẹ̀bi ìyá ni ti àkọ́kọ́, ẹ̀bi ọmọ ni ìkejì. Nínú ilé wa, àwọn ẹbí bàbá mi ń sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sí ìyá mi, ìyá mi náà sì ń fi ìkejì gbèjà ara wọn: “Mo kọ́ ọ, kò gbà ni.” Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni mo ti dàgbà. Kò sẹ́ni tó fún mi ní ọ̀rọ̀ kẹta, èmi náà kò sì mọ̀ pé ó lè wà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ mi, mo sì gbà. Nígbà tí mo wọ iléèwé girama, mo ra ìwé kékeré kan tí mo ń fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo fa ìlà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ní apá òsì, mo kọ ohun tí ẹni náà ń ṣe. Ní apá ọ̀tún, mo kọ bí a ṣe ń kí i àti bí yóò ṣe dáhùn. Ẹni tó ń dirun: ojú gbooro o, òun yóò ní òòyà á yà á. Aláró: àrẹ̀dú o. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé: ẹ kú ewu. Ẹni tó kọ́lé tuntun, ẹni tó bímọ, ẹni tó jókòó lásán, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Mo kọ́ wọn sórí bí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń kọ́ ìṣirò onílọ́po. N kì í ṣi kíkí kí. Ohun tí kò sí nínú ìwé mi ni ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìkíni: ìgbà tó yẹ kí n dákẹ́, ìgbà tó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, ìgbà tí “ó dáa bẹ́ẹ̀” túmọ̀ sí pé kò dáa rárá. Kò sí ẹni tó kọ ìyẹn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ.

Nígbà tí mo kó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2008, inú mi dùn. Mo ti gbọ́ pé àwọn òyìnbó kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Irọ́ gbáà ni. Tiwa ṣì ní òwe tó ń ké sí ènìyàn pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Tiwọn kò ní àmì kankan. Ẹni tó bi mí pé báwo ni mo ṣe wà ti kọjá lọ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn. Àyẹ̀wò ìwé ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá mi gbé ìwé kan sórí tábìlì mi, ó ní bóyá n óò fẹ́ wò ó nígbà tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀. Ọwọ́ mi kò dilẹ̀ títí di ọjọ́ kẹsàn-án. Ó ti ń retí rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gbé e fún mi.

Lẹ́yìn irú èyí mẹ́ta, wọ́n kọ ìwé ẹ̀sùn sí mi pé n kì í ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sí. Dókítà tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ló bi mí ní ìbéèrè títí, tó sì ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò. Mo dúró fún ọdún méjì ó lé kí ó tó kàn mí.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, wọ́n fún mi ní ìwé àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, wọ́n ní kí n fi sọ ìtàn. Wọ́n tún fẹ́ bá ẹni tó mọ̀ mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé sọ̀rọ̀. Bàbá mi ti di olóògbé. Nítorí náà, wọ́n pe ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ tíṣà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, lórí fóònù ní Òṣogbo. Mo jókòó, mò ń gbọ́.

Wọ́n bi ìyá mi bóyá mo máa ń bá àwọn ọmọ yòókù ṣeré. Ìyá mi ní, “Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kì í ṣe eré ìta.” Wọ́n bi wọ́n bóyá mo máa ń wo ènìyàn lójú bí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú: “Rárá o! A kọ́ ọ. Ọmọ tó ń wo àgbà lójú kòró kì í ṣe ọmọ gidi.” Ohun tí àwọn onímọ̀ náà ń wá gẹ́gẹ́ bí àmì, ìyá mi ń fi ṣe ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ilé. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa fara pamọ́ sí, pàápàá àwọn ọmọbìnrin. Ọmọ tó dákẹ́, tó wo ilẹ̀, tó dá jókòó, a kì í mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. A máa ń yìn ín ni.

Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò náà ní làákàyè. Ó ní, “Nígbà tó bá wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ńkọ́, tí kò sí àgbà níbẹ̀?” Ìyá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ nípa ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí mo máa ń tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri, àwọ̀ sí àwọ̀, àti bí mo ṣe máa ń mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan ẹyọ kan nígbà tí mo wà ní iléèwé. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dá ẹ̀rín náà dúró lójijì, bí ìgbà tí ènìyàn rántí nǹkan.

Lẹ́yìn tí mo gba èsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa orúkọ tuntun mi. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Eugen Bleuler, ló mú ọ̀rọ̀ náà jáde láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí “ara ẹni”, ó sì wà nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1911, ṣùgbọ́n àìsàn mìíràn ni ó ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣàpèjúwe. Ní ọdún 1943 ni Leo Kanner, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ 11: ọkùnrin 8, obìnrin 3. Ní ọdún 1944 ni Hans Asperger, ní ìlú Vienna, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin 4. Ìyá kan tó tún jẹ́ dókítà, Lorna Wing, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọmọbìnrin tirẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ló wá jẹ́ kí ayé mọ̀ ní ọdún 1981 pé ohun tí Asperger rí tan mọ́ ti Kanner, àti pé àwọn tó ní in kì í rí bákan náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ní nǹkan bí ọdún 1986 tí mo jókòó ti abọ́ iyán onílé, ìmọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ìlú òyìnbó kan dé òmíràn ni. Báwo ni ìyá mi ì bá ṣe mọ̀ ọ́n ní Òṣogbo?

Àwọn kan yóò ní àrùn òyìnbó ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1978, Victor Lotter tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde nípa àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà. A ti ń bí wọn láàárín wa tipẹ́. Orúkọ ìbáwí nìkan ni a ní fún wọn.

Ẹni tó wù mí jù lọ nínú gbogbo ohun tí mo kà ni ọmọ àkọ́kọ́ nínú àwọn 11 tí Kanner kọ̀wé nípa wọn. Donald Triplett ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Forest, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Àwọn òbí rẹ̀ kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kan, wọ́n sì tún lọ mú un padà wálé. Ó dàgbà, ó kàwé, ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì ìlú rẹ̀, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó sì rìn káàkiri ayé. Ẹni ọdún 89 ni nígbà tó kú ní ọdún 2023. Nígbà tí mo kà á pé ìdí ìwé owó ni òun náà ti ṣiṣẹ́, mo pa ìwé dé, mo sì sunkún díẹ̀. Kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn pàdé ará ilé lójú ọ̀nà àjò.

Fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tí mo mọ̀ ni mo ṣe: mo tún ìwé ìṣirò ọdún 43 yẹ̀ wò. Mo ń ka gbèsè tí wọ́n kọ sí mi lọ́rùn níkọ̀ọ̀kan. Mo rí ọ̀pọ̀ tí kì í ṣe tèmi. N kò gbéraga nígbà tí mo kọjá ìyá ọ̀rẹ́ mi lọ́jà tí n kò kí wọn. N kì í tètè dá ojú ènìyàn mọ̀ bí wọn kò bá sí níbi tí mo ti máa ń rí wọn. N kò kórìíra àríyá. Ariwo ìlù àti gbohùngbohùn máa ń ro mí lára bí ìgbà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún mi. Inú bí mi pẹ̀lú. Mo rò nípa ọmọbìnrin tó ń fi ìwé ìkíni pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, tó rò pé òun nìkan ni ọmọ burúkú tó ń gbìyànjú láti dára.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣàyẹ̀wò ìwé owó ní òtítọ́ kò gbọdọ̀ fa igi lé gbogbo gbèsè. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan kú ní ọdún 2015. Mo lọ kí i. Mo ní ẹ kú àṣẹ̀yìndè, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nínú ìwé mi, mo sì bi í ní ọjọ́ ìsìnkú àti iye tí ayẹyẹ náà yóò ná wọn. Lẹ́yìn náà, mo dìde, mo lọ ilé. N kò padà síbẹ̀, nítorí kò ní kí n padà wá. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí mo gba èsì mi, mo pè é, mo sì ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi títí dé òpin, ó wá ní, “Mo gbọ́. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n fún un kò ní kó má dùn mí.” Òótọ́ ló sọ. Orúkọ náà ṣàlàyé ìdí tí n kò fi mọ̀. Kò sọ pé ìdàgbé kò dun ẹni tí mo fi sílẹ̀. Mo tọrọ àforíjì, mo sì ní kó jọ̀wọ́, bí ó bá tún fẹ́ kí n wá, kó sọ pé kí n wá. Títí di òní, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ọ̀nà padà sọ́dọ̀ ara wa ni.

Ẹni tó ṣòro jù láti sọ fún ni ìyá mi. Mo pè wọ́n ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n kọ́kọ́ béèrè bóyá wèrè ni wọ́n pè mí. Mo ní rárá. Mo ṣàlàyé ní odidi, láìfi ìkankan pamọ́: bí etí mi ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀, bí ojú mi ṣe ń wo ojú, bí ààbọ̀ ṣe ń jẹ́ ààbọ̀. Ìyá mi dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ìpè ti já. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè, ní ohùn tí n kò gbọ́ lẹ́nu wọn rí:

“Ṣé kì í ṣe pé n kò kọ́ ọ?”

“Rárá, Màámi. Ẹ kọ́ mi.”

“Ìwọ náà sì gbà?”

“Mo gbà, Màámi.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti kú, ì bá dára kó gbọ́ èyí. Wọ́n wá ní, “Ọjọ́ iyán yẹn, n kì bá tí nà ọ́.” N kò mọ̀ pé wọ́n rántí. Ọdún 36 ni ìyá mi ti fi gbé àbíìkọ́ rù bí èmi náà ti gbé e, tí ẹnìkan nínú wa kò sì mọ̀ pé ẹnìkejì ń ru ú.

Àwọn baba ńlá wa ní Ọbàtálá ló mọ ènìyàn, òun náà ló mọ abuké, arọ àti àfín. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, a kò sì gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí fífi ìyà jẹ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Nàìjíríà, tó sì ní kí wọ́n tún ẹnu ọ̀nà àwọn ilé tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ṣe kí wọ́n lè rọ́nà wọlé. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ohun tó yàtọ̀ lára tiwa kò hàn sí ojú. Ìwà nìkan ni ẹ ń rí, ìwà ni ẹ sì fi ń dá wa lẹ́jọ́. Kò sí owó tí ẹ fẹ́ ná fún wa jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ sọ ìdajì ọ̀rọ̀ tó kù. Bí ọmọ bá béèrè ohun tó dà bí ọ̀yájú, ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn bí ẹni pé ìbéèrè tòótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀yájú, yóò hàn láìpẹ́. Pàṣán kì í sá lọ.

Ní tèmi, n kò bẹ̀rù òwe ọjọ́sí mọ́. Mo ṣì gbà pé òwe tó gbọ́n ni. Kò kàn sọ pé ẹni tí a sọ odidi ọ̀rọ̀ fún kì í ṣe ọmọlúàbí. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un fúnra mi. Ìyá mi náà ti yí ohùn padà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Tẹ́lẹ̀, wọn ì bá ní òjò ti ń rọ̀ púpọ̀ ní Òṣogbo, kí wọ́n sì dúró kí n lóye. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní, “Páànù ilé ń jò ní yàrá mi. Mo fẹ́ kí o fi owó ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì tó pé. Odidi ọ̀rọ̀ nìyẹn o.” Mo fi owó náà ránṣẹ́ ní ọjọ́rú.